Kí ló dé tí ìfẹ́ inú àwọn fíìmù Malayalam kì í fi í parí síbi ìgbéyàwó?

Òǹwòran Òru béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wo àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe ní èdè Malayalam, èdè àwọn ará ìpínlẹ̀ Kerala ní gúúsù Íńdíà. Premalu, tí Girish A. D. darí ní ọdún 2024, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, eré àwọn ọ̀dọ́ tí ìfẹ́ ká mọ́ ìlú Hyderabad. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ara mi sì balẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wo The Great Indian Kitchen, tí Jeo Baby gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò sì ti kúrò lórí rẹ̀ mọ́.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Nínú eré ìfẹ́ tí ó ti mọ́ mi lára láti kékeré, ìgbéyàwó ni òpin ọ̀rọ̀: wọ́n pàdé, wọ́n jìyà, wọ́n borí àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn, ìlù dún, eré parí. Nínú fíìmù Jeo Baby yìí, a kò tíì jókòó dáadáa tí ìgbéyàwó ti kọjá. Gbogbo ohun tí ó kù jẹ́ gígé ẹ̀fọ́, lílọ àgbọn, fífọ abọ́, nínu tábìlì tí àwọn ọkùnrin ilé ti tu pàǹtí oúnjẹ sí. Wọn kò fún ọkọ lórúkọ, wọn kò sì fún ìyàwó. Páìpù tí ó wà lábẹ́ ibi ìfọ-abọ́ ń jò. Ìyàwó sọ fún ọkọ, ọkọ ní òun yóò pe ẹni tí yóò tún un ṣe, ó gbàgbé. Ìyàwó tún sọ, ó tún gbàgbé. Omi ìdọ̀tí náà ń kán lójoojúmọ́ títí tí èmi tí mo jókòó sílé mi fi ń rò pé mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọkọ yìí kì í ṣe ọ̀mùtí. Olùkọ́ ni, ẹ̀kọ́ nípa ìdílé gan-an ni a sì rí i tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tí ara òun ń fẹ́ lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ tí ó fi dá a lóhùn burú débi pé mo dá fíìmù náà dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi fíìmù wọn sọ, àbí ohun tí ó ń pa ìfẹ́? Ṣé àsìkò wa yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú èyí, àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀? Kí sì ló dé tí àwọn olólùfẹ́ inú àwọn fíìmù wọn àtijọ́ kì í fi í fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn ń dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń wo àwọn fíìmù yìí, láti ìgbà tí a ti ń wá wọn lórí páálí sídíì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ìbéèrè tí fíìmù Malayalam máa ń bi olólùfẹ́ kì í ṣe bóyá wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ìyẹn kì í pẹ́ yanjú. Ohun tí ó máa ń bi wọ́n ni pé, níbo ni ẹ ó máa gbé? Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún yín? Bí ẹ bá ti fi ojú yìí wò ó, ẹ ó rí i pé ilé ìdáná tí ó ń dà yín láàmú yẹn ti wà nínú sinimá wọn tipẹ́tipẹ́.

Ẹ wo Swayamvaram, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Adoor Gopalakrishnan ṣe, ní ọdún 1972. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan sá kúrò nílé àwọn òbí wọn láti lọ gbé pọ̀. Ibi tí fíìmù mìíràn ìbá ti parí sí nìyẹn. Adoor bẹ̀rẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé wọn lọ. Wọ́n dé hòtẹ́ẹ̀lì tí ó dára, owó ń tán, wọ́n kó lọ sí èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀, owó tún ń tán, wọ́n lọ háyà ilé ní àdúgbò àwọn tálákà. Bí iye owó ibùgbé ṣe ń já wálẹ̀ ni a fi ń mọ bí ọkàn wọn ṣe ń wúwo. Ọkùnrin náà kú. Ó kù sí obìnrin náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ní ìparí, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn, obìnrin náà sì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn yẹn. A kò rí ẹni tí ń kànkùn.

Ṣáájú ìyẹn ni Chemmeen ti jáde ní ọdún 1965, láti inú ìwé ìtàn Thakazhi Sivasankara Pillai, Ramu Kariat ni ó darí rẹ̀. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ láti gúúsù Íńdíà tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ti Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Karuthamma jẹ́ ọmọ apẹja, Pareekutty tí ó fẹ́ràn jẹ́ Mùsùlùmí tí ń ra ẹja létí òkun. Pareekutty fún baba ọmọbìnrin náà lówó tí yóò fi ra ọkọ̀ àti àwọ̀n. Baba kò san án padà, ó tún mú ọmọ náà fún Palani, apẹja tí kò ní baba tí kò ní ìyá. Ìgbàgbọ́ àwọn apẹja inú ìtàn yìí ni pé ìwà mímọ́ ìyàwó lórí ilẹ̀ ni ó ń dáàbò bo ọkọ lójú agbami, àti pé Kadalamma, Ìyá Òkun, kò ní jẹ́ kí ọkọ obìnrin tí ó bá ṣe aláìṣòótọ́ padà dé èbúté. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹ̀rí ọkàn obìnrin kan ni wọ́n so ẹ̀mí ọkùnrin kan mọ́. Ní òru tí Karuthamma lọ bá Pareekutty létí òkun, Palani wà lójú omi tí ó ń bá ẹja àkùràkudà kan jà, omi sì gbé e mì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ni wọ́n rí létíkun, tí wọ́n di mọ́ ara wọn. Òru yẹn nìkan ni wọ́n ní, èbúté sì ni ilé wọn.

Ọ̀rọ̀ àìfọwọ́kan-ara-ẹni tí ẹ béèrè, Mathilukal ni ó yẹ kí ẹ fi wò ó. Ọdún 1990 ni ó jáde, Adoor ni ó tún darí rẹ̀, láti inú ìwé Vaikom Muhammad Basheer, ẹni tí wọ́n ti sọ sẹ́wọ̀n ní tòótọ́ nígbà ìjàkadì fún òmìnira. Mammootty ni ó ṣe Basheer. Lẹ́yìn ògiri gíga kan ni ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin wà, láti ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ohùn obìnrin kan tí ń jẹ́ Narayani ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. A kò rí Narayani rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn òṣèrébìnrin KPAC Lalitha nìkan ni a ń gbọ́. Nígbàkígbà tí ó bá ti dé ìdí ògiri, yóò ju ẹ̀ka igi gbígbẹ kan sókè kí Basheer lè mọ̀ pé òun ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ka igi lásán! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìdajì fíìmù náà, bí ẹ bá ti rí i tí ẹ̀ka yẹn yọ lókè ògiri, àyà yín yóò máa lù kìkì. Narayani béèrè igi òdòdó róòsì, Basheer sì jù ú kọjá sí i. Wọ́n wá dá ọjọ́ tí wọn yóò pàdé ní ilé ìwòsàn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ọjọ́ náà tó pé ni àwọn wọ́dà mú ìwé ìtúsílẹ̀ wá, Basheer sì bi ara rẹ̀ pé ta ni ó ń wá òmìnira.

Èmi kò tíì rí ibi tí ìfẹ́ àwọn tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn lójú wa ti dùn mí bí ti ẹ̀ka igi yẹn.

Ẹ má sì rò pé ẹkún nìkan ni wọ́n ní. Ní ọdún 1986, Padmarajan ṣe fíìmù kan tí àkọlé rẹ̀ ń tọ́ka sí ọgbà àjàrà tí olólùfẹ́ méjì yóò máa gbé, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú Orin Sólómọ́nì nínú Bíbélì wá: Namukku Parkkan Munthirithoppukal. Solomon jẹ́ àgbẹ̀ tí ń wa ọkọ̀ tánkà. Sofia ni ọmọ aládùúgbò tí ó wọ̀ ọ́ lójú. Ọkọ ìyá Sofia fi ipá bá ọmọbìnrin náà lò pọ̀. Nínú sinimá ayé ìgbà náà, bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin, ó ti parí fún un nìyẹn, àfi kí ó kú tàbí kí wọ́n fà á lé ẹni tí ó ṣe ìkà náà lọ́wọ́. Solomon wa tánkà rẹ̀ wá síwájú ilé wọn, ó gbé Sofia sínú rẹ̀, ó ń gbé e lọ sílé. Kò bi í ní ohunkóhun.

Alákọsílẹ̀ dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí Ìyá Ìbejì kọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ilé kì í ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ ilé ni gbòǹgbò. Ní Kerala, ipò ìbí àti ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó lè wọlé. Híńdù, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ ń gbé ìpínlẹ̀ náà, wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà, wọ́n jọ ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ibi ìgbéyàwó ni olúkúlùkù ti ń wá ẹnubodè rẹ̀.

Láti orí fíìmù àkọ́kọ́ gan-an ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. J. C. Daniel ni ó ṣe Vigathakumaran, fíìmù tí kò ní ohùn, wọ́n sì fi hàn ní ìlú Thiruvananthapuram. P. K. Rosy, obìnrin kan láti inú àwọn Dalit tí wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, ni ó ṣe obìnrin ìdílé Nair, ìyẹn àwọn ẹni òkè, nínú rẹ̀. Àwọn ẹni òkè kò gbà á. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí di òní ni pé ìran tí ọkùnrin inú eré náà ti fi ẹnu ko òdòdó tí ó wà nínú irun Rosy ni ó mú inú wọn ru jù. Wọ́n kọ lu ilé rẹ̀, ó sì sá kúrò nílùú, kò ṣe fíìmù mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bi ara wa pé kí ló dé tí olólùfẹ́ kì í fọwọ́ kan ara wọn nínú àwọn fíìmù àtijọ́ wọ̀nyẹn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé obìnrin tí ó kọ́kọ́ ṣe olólùfẹ́ nínú sinimá Malayalam pàdánù ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ nítorí òdòdó.

Ní ọdún 1954 ni Neelakuyil jáde, Ramu Kariat àti P. Bhaskaran ni wọ́n jọ darí rẹ̀, Uroob ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ẹni òkè fún Neeli, ọmọ àwọn ẹni ìsàlẹ̀, lóyún, ó sì kọ̀ ọ́ nítorí ohun tí àwùjọ yóò wí. Neeli kú. Ẹni tí ń pín lẹ́tà ní abúlé náà ni ó gbé ọmọ jòjòló yẹn wọlé, tí ó sì tọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi ìyà jẹ Neeli nìkan kí wọ́n sì yí ojú kúrò. Ojú àwa òǹwòran kò kúrò lára olùkọ́ náà títí ó fi di dandan fún un láti gba ọmọ rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kerala sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1956 nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n mú wa dé àsìkò tiwa. Annayum Rasoolum, tí Rajeev Ravi darí ní ọdún 2013, jẹ́ ìtàn Rasool, Mùsùlùmí tí ń wa takisí ní Kochi, àti Anna, Kìrìsìtẹ́nì tí ń ta aṣọ sárì ní ṣọ́ọ̀bù. Erékùṣù Vypin ni Anna ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, ohun kan ṣoṣo tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù náà ni pé Rasool wọ ọkọ̀ ojú omi tí kò ní ibi kankan láti bá a lọ, nítorí àtiwo ojú ọmọbìnrin kan láàárín èrò. Lórí omi, wọn kò sí ní àdúgbò Mùsùlùmí, wọn kò sí ní àdúgbò Kìrìsìtẹ́nì. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Òfin gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹlẹ́sìn méjì bá fẹ́ fẹ́ ara wọn ní Íńdíà láìjẹ́ pé ẹnìkan yí ẹ̀sìn padà, òfin ìgbéyàwó àkànṣe ti ọdún 1954 ni wọn yóò lò, òfin yẹn sì ní kí wọ́n fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìgbéyàwó tó wáyé, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ọgbọ̀n ọjọ́ tó fún ẹ̀gbọ́n mẹ́ta láti gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ inú fíìmù wọ̀nyí fi máa ń sáré, tí ọ̀rẹ́ kan sì máa ń dúró pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó ti gbiná.

Fazil lo ìfòyà yìí ní ọ̀nà mìíràn nínú Aniyathipraavu ní ọdún 1997. Ọmọ Híńdù àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì sá lọ pọ̀, wọ́n ti bọ́, kò sí ẹni tí ó lè mú wọn mọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá pinnu láti padà, kí olúkúlùkù lọ bá àwọn òbí rẹ̀. Ìpinnu yẹn ni ó yọ́ ọkàn àwọn ìyá wọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìtẹríba ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, èmi náà bínú. Ní báyìí, mo rí i pé ìfẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ àti ìkórìíra, ìyẹn sì ṣòro láti kọ ju kí a mú baba búburú kan wá tí gbogbo wa yóò máa ṣépè fún.

Ti Moideen àti Kanchanamala kò tilẹ̀ jẹ́ àròsọ. Ará Mukkam ni wọ́n, lẹ́bàá odò Iruvanjippuzha ní agbègbè Kozhikode. Mùsùlùmí ni ọkùnrin, Híńdù ni obìnrin, ìdílé méjèèjì kò gbà. Wọ́n ti Kanchanamala mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ṣẹ̀dá lẹ́tà ábídí tiwọn tí ẹlòmíràn kò lè kà, èyí ni wọ́n sì fi ń kọ̀wé sí ara wọn. Ní ọdún 1982, ọkọ̀ dojú dé lórí odò yẹn, Moideen sì kú sínú omi níbi tí ó ti ń gba àwọn èrò là. Kanchanamala lọ gbé gẹ́gẹ́ bí opó rẹ̀, kò fẹ́ ẹlòmíràn. R. S. Vimal fi ìtàn wọn ṣe Ennu Ninte Moideen ní ọdún 2015. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ yóò sọ pé òǹkọ̀tàn ti àsọdùn bọ̀ ọ́.

Àdùkẹ́ dáhùn pé:

Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ ti yan àwọn tí ó dára jù lọ kalẹ̀, kò sì yẹ kí Òǹwòran Òru rò pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fíìmù Malayalam kọ́ àwọn ọmọkùnrin pé bí ọmọbìnrin bá ní òun kò fẹ́, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e. Máa dúró níwájú ilé rẹ̀, máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́yìn, kí ẹ máa fi orin pè é. Lọ́jọ́ kan yóò rẹ́rìn-ín. Premam ti ọdún 2015, tí Alphonse Puthren darí, dùn ún wò, èmi pàápàá sì fẹ́ràn Malar, olùkọ́ tí Sai Pallavi ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀wọ́ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń tọ ọmọbìnrin kan lẹ́yìn bí eṣinṣin, eré ni wọ́n sì pè é.

Mo tún ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Padmarajan, ẹ má bínú. Thoovanathumbikal, tí ó ṣe ní ọdún 1987, ni ọ̀pọ̀ ará Kerala kà sí ìtàn ìfẹ́ tí ó ga jù. Jayakrishnan, tí Mohanlal ṣe, wà láàárín Radha, ọmọ ilé tí ó ṣeé mú wálé, àti Clara tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin. Òjò máa ń rọ̀ nígbàkígbà tí Clara bá ń bọ̀. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Ìwọ̀sí kò sí nínú bí wọ́n ṣe yàwòrán Clara, kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó pinnu ìgbà tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n òjò ni wọ́n fi ṣe. Òjò kì í béèrè ibi tí yóò sùn. Ìbéèrè tí Ìyá Ìbejì sọ, níbo ni ẹ ó máa gbé, kò sí ẹni tí ó bi Clara.

Ohun tí ó yí padà láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni pé obìnrin inú fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nínú Mayaanadhi, tí Aashiq Abu darí ní ọdún 2017, Mathan rò pé nítorí tí Appu ti bá òun sùn, ọ̀rọ̀ ti parí, òun ti ní in. Appu là á yé e láìgbé ohùn sókè pé ìbálòpọ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Ọkùnrin ni ó máa ń sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo Shammi nínú Kumbalangi Nights, ti ọdún 2019, èyí tí Syam Pushkaran kọ tí Madhu C. Narayanan sì darí. Fahadh Faasil ni ó ṣe Shammi. Ó dúró níwájú dígí, ó ń tún irunmú rẹ̀ ṣe, ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni pé kò sí irú òun láyé. Àmì kékeré kan tí àwọn obìnrin ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí wà lára dígí náà. Ó fi bíléèdì há a kúrò, ó sì fi omi ṣàn án lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìran yẹn. Ilé ìyàwó rẹ̀ ni ó ń gbé o, dígí àwọn obìnrin ilé yẹn ni! Lódì kejì omi, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń gbé nínú ilé tí wọn kò tíì rẹ́, tí ó dọ̀tí, tí wọ́n ń jà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ti rí ààyè mí. Ìfẹ́ Bobby, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, àti Baby, àbúrò ìyàwó Shammi, dùn nínú fíìmù yẹn, ṣùgbọ́n àtakò láàárín ilé mímọ́ tónítóní àti ilé ìdọ̀tí yẹn ni ó jẹ́ kí ìfẹ́ wọn ní ìtumọ̀.

Kò ṣẹlẹ̀ ní òfìfo. Ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí wọ́n fi ipá kọ lu òṣèrébìnrin kan nínú ọkọ̀, àwọn obìnrin inú iṣẹ́ fíìmù ní Kerala dá ẹgbẹ́ Women in Cinema Collective sílẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ K. Hema, ìgbìmọ̀ náà fi ìwé rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 2019, oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n tó jẹ́ kí aráyé kà á. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ burú. Mi ò lè wo ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ṣe láìrántí bí wọ́n ṣe ń bá àwọn obìnrin tí ń ṣe é lò.

Òǹwòran Òru dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti wo Mathilukal láti àná, mo sì ti mọ ohun tí Ìyá Ìbejì ń sọ nípa ẹ̀ka igi. Lálẹ́ òní, mo wo Kaathal – The Core, ti ọdún 2023, nígbà tí mo rí i pé Jeo Baby kan náà ni ó darí rẹ̀. Ọkọ, Mathew, fẹ́ díje nínú ìbò ìbílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Omana sì gbé e lọ sí kóòtù fún ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ó ní ọkùnrin ni ọkàn ọkọ òun ń fà sí. Inú mi rú. Ọkọ ilé ìdáná, fíìmù kò ṣàánú rẹ̀ rárá. Ọkọ ti inú Kaathal, wọ́n ṣàánú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi ìdọ̀tí ni ìyàwó àkọ́kọ́ dà lu ọkọ àti baba ọkọ kí ó tó jáde. Kí ló dé tí Omana kò bínú bẹ́ẹ̀?

Àdùkẹ́ dáhùn pé:

Omana bínú. Ẹ tún ojú rẹ̀ wò ní kóòtù, bí Jyothika, òṣèré tí ó ṣe Omana, ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ọkọ inú ilé ìdáná ní òmìnira, ó sì fi gba ti ìyàwó rẹ̀. Mathew kò ní i láti fi gba ti ẹnikẹ́ni. Baba Mathew mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí, ó ṣì fẹ́ ìyàwó fún un, ó rò pé ìgbéyàwó yóò wò ó sàn. Obìnrin tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n mú wá ṣe oògùn. Nítorí náà, ìkọ̀sílẹ̀ tí Omana ń béèrè, ó ń béèrè rẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún Mathew pẹ̀lú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà ti mú ìjìyà kúrò lórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni Mathew ń bẹ̀rù mọ́. Ojú ará àdúgbò ni.

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Òótọ́ ni Àdùkẹ́ sọ, mo sì gba ohun tí ó wí nípa Clara pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ dùn mí láti gbà á. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún Òǹwòran Òru. Mammootty tí ẹ rí lánàá nínú Mathilukal ni Mammootty tí ẹ rí lálẹ́ òní nínú Kaathal, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín fíìmù méjèèjì, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ó sì ná owó sí èkejì. Nínú ti àkọ́kọ́, ó gbé orí sókè sí ògiri, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo orúkọ obìnrin kan tí kò rí rí. Nínú ti èkejì, Thankan tí ó fẹ́ràn ń gbé ní abúlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ògiri kankan láàárín wọn, wọn kò sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ lọ tún ibi tí Mathew ti wó lulẹ̀ sí àyà baba rẹ̀ wò, kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan.